Àbúrò mi ní kí n tutọ́ sínú ìgò kí wọ́n lè yẹ jíìnì mi wò ní Kánádà. Ṣé kí n ṣe é?

Adùkẹ́_Àtàkúnmọ̀sà:

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á torí ó gùn díẹ̀.

Ilésà ni mo wà, aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà, mo ti pé 43. Bàbá wa kú lọ́dún 2021, kíndìnrín ni wọ́n ló pa wọ́n, wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́tipẹ́ àmọ́ ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń lo oògùn. Ní báyìí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó jẹ́ àkọ́bí wa, ọmọ ọdún 51, ti ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti sanwó ẹ̀jẹ̀ fífọ̀ rí á mọ ohun tí mò ń sọ. A ti ta ilẹ̀ kan, a tún ti ń wá ẹni tó máa ra ìkejì.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi wú tí bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ò wọ̀ ọ́ mọ́ la tó mọ̀, ìgbà tá a sì dé ọsibítù wọ́n ní ó ti pẹ́ tí kíndìnrín náà ti ń bàjẹ́ lọ.

Àbúrò wa obìnrin tó wà ní Kánádà wá ní wọ́n ń ta nǹkan kan lọ́hùn-ún, wàá tutọ́ sínú ìgò kékeré, wọ́n á yẹ DNA ẹ wò, wọ́n á sọ gbogbo àrùn tó lè ṣe ẹ́ lọ́jọ́ iwájú, ṣúgà o, jẹjẹrẹ o, àrùn ọkàn o, kíndìnrín o. Ó ní òun á ra tèmi. Ó tún ní wọ́n ti ń wo àwọn pùrótéènì kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ ohun tó ń bọ̀ ní ọdún mẹ́wàá síwájú. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó wúlò fún irú wa níbí? Mi ò fẹ́ kí ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi ṣe èmi náà, ọmọ mẹ́ta ni mo bí, èyí tó kéré jù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ púráímárì 2.

Déjì_Sábó:

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á fún ẹ̀gbọ́n yín lálàáfíà. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ ṣe é o. Tí wọ́n bá wá ní jẹjẹrẹ máa mú yín ní ọdún mẹ́wàá sí i ńkọ́, ṣé ẹ máa lè sùn? Ìrònú yẹn gan-an á gbé bípì yín sókè. Ohun tí Ọlọ́run bá ti kọ mọ́ èèyàn ló ti kọ ọ́. Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ máa sinmi, ẹ fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Màmá_Tolúwani:

Bọ̀dá Déjì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo mọ ohun tí àìmọ̀ fojú mi rí.

Kí n tó ṣègbéyàwó, ṣọ́ọ̀ṣì ní ká lọ ṣe jẹnotáìpù. Mo lọ sí láàbù kan, wọ́n kọ AA fún mi, ọkọ mi jẹ́ AS, wọ́n ní kò séwu. Ọmọ wa ò tíì pé ọdún kan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì fi wú bí ìgbà tí ìyẹ̀fun bá wú, ó ń ké tòru tọ̀sán, àwọn kan ní oyin ló ta á, àwọn kan ní ayé ni. SS ni. Mo lọ tún tèmi ṣe ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo wọn kọ AS. Ẹni tó ka àkọ́kọ́ yẹn ló ṣì í kà, ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi dòní. Ọmọ mi ti pé 11 báyìí, ó ń lo oògùn ẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń lọ sílé ìwé, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kéèyàn má mọ̀ ló dáa. Sísì Adùkẹ́, ẹ ṣe àyẹ̀wò, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá sì ṣe, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá_Láàbù_Ifẹ̀:

Mo kí gbogbo yín. Láàbù ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun fún ohun tó lé ní ogún ọdún níbí ní Ifẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Màmá Tolúwani, ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn dùn mí gan-an, torí mo mọ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé jẹnotáìpù tí à ń ṣe níbí, jíìnì ni à ń kà. Rárá o. Pùrótéènì ni. Èyí tó ń gbé afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, hẹmoglobíìnì, òun la máa kán sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, a ó wá fi iná mànàmáná sí i kó máa sáré. A yára, S ń falẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, C tún wà lẹ́yìn S. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ AA, ìlà kan gbòógì lẹ máa rí níwájú. Tó bá jẹ́ AS, ìlà méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Kò tayọ bẹ́ẹ̀. Tí iná bá wá lọ láàárín, tàbí tí ẹni tó ń kà á bá ń kánjú, tàbí tí wọn ò gbé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ AS ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ fún àfiwé, àwọn ìlà náà á dàpọ̀ mọ́ra wọn. Tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí èèyàn lára láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni lẹ ń kà.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún Adùkẹ́ ni pé nǹkan tí àbúrò yín ń pè ní ohun tuntun, a ti ń ṣe é lára wa látọjọ́ tó ti pẹ́. Kéèyàn wo pùrótéènì kan kó sì mọ ohun tó ń bọ̀, ohun tí a fi ń sọ fún àwọn àfẹ́sọ́nà pé kí wọ́n má fẹ́ra nìyẹn.

Ẹ̀yin tí kíndìnrín wà nídìí ọ̀rọ̀ yín, pùrótéènì tó kàn yín jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní albumin. Inú ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó wà. Kíndìnrín dà bí asẹ́ ògì, omi lo fẹ́ kó kọjá, èèrí ni kó dúró. Tí asẹ́ bá ti ń ya, albumin á bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú ìtọ̀, ó lè ti máa jò fún ọdún bíi mélòó kan kí ẹsẹ̀ tó wú. Èèyàn ò ní mọ nǹkan kan lára. Bébà tí a ń rì bọ ìtọ̀, owó kékeré ni. Èyí tó péye ju ìyẹn lọ ni kí láàbù wọn albumin náà gan-an, kí wọ́n fi wé creatinine inú ìtọ̀ yẹn, ìyẹn ìdọ̀tí kan tí kíndìnrín máa ń kó jáde lára, tó bá ti lé ní 30 mg/g kí ẹ wá bi wọ́n léèrè. Kí wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ fún creatinine kí wọ́n lè ṣírò bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí.

Ẹ tún béèrè fún HbA1c. Ìyẹn náà hẹmoglobíìnì ni, ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ ọn ni wọ́n ń kà. Ìjẹ̀ṣà ni yín, ẹ mọ oṣómàáló. Ṣúgà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún ìka wò láàárọ̀, iye tó wà lápò oníbàárà lọ́jọ́ tí oṣómàáló kanlẹ̀kùn nìyẹn, ó lè ti lọ yá owó kẹ́ ẹ má bàa jókòó tì í. HbA1c ni ìwé gbèsè, gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ pupa kan ń lò tó nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Tó bá kéré sí 5.7 ó dáa, 5.7 sí 6.4 ìkìlọ̀ ni, 6.5 sókè ti di ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n á sì tún un ṣe kó lè dá wọn lójú. Àmọ́ ẹ sọ jẹnotáìpù yín fún wọn o! Ẹni tó bá jẹ́ SS, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kú, ìwé gbèsè náà á máa purọ́, ọ̀nà míì ni kí wọ́n fi wo ṣúgà ẹ̀.

Ṣọlá_Mayfair:

Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ sà. Biochemistry ni mò ń kà ní Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lọ́kàn mi gan-an.

Ohun tí àbúrò yín sọ nípa pùrótéènì kì í ṣe irọ́. Nílẹ̀ Bírítéènì wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtàn ìlera 500,000 èèyàn sílẹ̀ láàárín 2006 sí 2010, UK Biobank ni wọ́n ń pè é. Wọ́n tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà sínú yìnyín, ọdún ń gorí ọdún, àwọn kan ṣàìsàn, àwọn kan ò ṣe. Wọ́n wá padà sídìí ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ yẹn, wọ́n wọn nǹkan bí 3,000 pùrótéènì nínú ti àwọn tó lé ní 40,000 lára wọn. Lọ́dún 2024 wọ́n gbé e jáde pé fún àrùn 67, pùrótéènì márùn-ún sí ogún péré ń sọ ẹni tó ṣeé ṣe kí àrùn náà mú láàárín ọdún mẹ́wàá dáadáa ju kí dókítà kàn béèrè ọjọ́ orí àti sìgá àti ìwọ̀n ara lọ. Ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n inú ìwádìí ló ṣì wà, kì í ṣe nǹkan tẹ́ ẹ máa dé láàbù kan n'Ilésà kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe fún yín lónìí.

Ti jíìnì ló ń bà mí lẹ́rù. Ìṣirò tí wọ́n ń lò fún àrùn bíi ṣúgà àti àrùn ọkàn, ńṣe ni wọ́n ń ro ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìyàtọ̀ kéékèèké inú DNA pọ̀ di iye kan. Ara àwọn wo ni wọ́n ti kọ́ ìṣirò náà? Ìgbà tí wọ́n kà á lọ́dún 2019, nǹkan bí 79 nínú 100 èèyàn tó wà nínú àwọn ìwádìí yẹn ló jẹ́ ọmọ ìran Yúróòpù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta aṣọ, ó dà bí kí télọ̀ fi ìwọ̀n ẹlòmíì rán bùbá yín, kó wá ní kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ lọ sóde. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀jẹ̀ wa ti wà nínú iṣẹ́ yìí látìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ HapMap, ìwádìí tí wọ́n fi ń wá ìyàtọ̀ inú jíìnì àwọn èèyàn ayé, ní 2002, Yorùbá Ìbàdàn wà lára ìran mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ lò láyé.

Jíìnì kan wà ṣá tó jẹ́ tiwa gan-an, kíndìnrín ló sì kàn. APOL1 lorúkọ ẹ̀. 2010 ni wọ́n rí i. Oríṣi méjì tó ń fa ìjàngbọ̀n ni G1 àti G2, wọ́n pọ̀ lára àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn òyìnbó ò fẹ́ẹ̀ ní in rárá. Ẹni tó bá gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá tó tún gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, ewu kíndìnrín ẹ̀ ga.

Déjì_Sábó:

Ṣọlá, o ṣeun. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí irú nǹkan burúkú bẹ́ẹ̀ á fi pọ̀ lára tiwa? Ìyẹn gan-an ni mo ń pè ní àyànmọ́.

Ṣọlá_Mayfair:

Bọ̀dá Déjì, kò burú látìbẹ̀rẹ̀ sà. Pùrótéènì tí jíìnì yẹn ń ṣe, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti pa kòkòrò àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse máa ń gbé wọ ara èèyàn. Kòkòrò náà wá gbọ́n, ó rí ọ̀nà gbà, G1 àti G2 ni ara àwọn baba ńlá wa fi dá a lóhùn. Ẹni tó ní in ló yè tó sì bímọ. Bíi ti AS àti ibà náà ni. Ohun tó gba àwọn baba wa là lọ́wọ́ eṣinṣin ló ń wá gbowó ẹ̀ lára kíndìnrín àwa ọmọ.

Ẹ má rò pé gbogbo ohun tó wà nínú jíìnì wa ló burú o. Lọ́dún 2006 wọ́n rí i pé àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà ní jíìnì kan, PCSK9, tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, kọlẹsitiróòlù wọn lọ sílẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí wọn, àrùn ọkàn ò sì fi bẹ́ẹ̀ mú wọn. Látinú ìyẹn ni wọ́n ti ṣe oògùn tó jáde lọ́dún 2015, tí gbogbo ayé ń lò.

Ti àyànmọ́ yẹn sì rèé sà. Láti 1992 ni wọ́n ti ń fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá n'Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis l'Amẹ́ríkà lórí àrùn ìgbàgbé. APOE4, oríṣi jíìnì tí wọ́n so mọ́ àrùn ìgbàgbé tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, wà lára àwọn méjèèjì. Ní Ìbàdàn, àrùn náà kéré gan-an sí ti ọ̀hún. Ẹ̀jẹ̀ jọra, ìgbé ayé ò jọra.

Bàbá_Láàbù_Ifẹ̀:

Ṣọlá, o káre, àmọ́ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ti APOL1. Ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ní àfi tí èèyàn bá ní méjì. Lọ́dún 2024 iṣẹ́ tí àwọn tiwa ṣe jáde, wọ́n lo èèyàn tó lé ní 8,000 ní Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n rí i pé ẹyọ kan pàápàá ń fi díẹ̀ kún ewu náà. Nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní méjèèjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Ẹ ronú sí ìyẹn. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ní méjèèjì ni kíndìnrín ẹ̀ máa bàjẹ́ ni, kò ní sí ilé kan n'Ifẹ̀ àbí n'Ilésà tí wọn ò ní máa fọ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń lo ayé wọn lọ láìsí nǹkan kan. Torí náà, tí bébà Kánádà bá tiẹ̀ wá sọ pé ẹ ní in, ibi tó máa rán yín padà sí ni ìtọ̀ yín. Ẹ kúkú ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:

Adùkẹ́ ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Mo ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ilésà ni mí.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kékeré kan. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà òyìnbó kan wà ní ọsibítù Wesley Guild níbí, David Morley, Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké ń kú nígbà yẹn, ìgbà tí ìyá bá máa fi gbé ọmọ dé, ọmọ ti ń lọ. Ó wá ṣe káàdì kan. Ẹ máa gbé ọmọ wá lóṣooṣù, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, ẹ fi àmì kan síbẹ̀, ẹ fa ìlà láti àmì oṣù tó kọjá dé ti òní. Tí ìlà bá ń gòkè, ó dáa. Tí ìlà bá ti dọ́gba, ọmọ náà lè máa rẹ́rìn-ín o, ó lè máa ṣeré, àmọ́ nọ́ọ̀sì ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Káàdì yẹn rìn ká gbogbo ayé. Mo ti fọwọ́ ara mi fa ìlà yẹn fún ọmọ tí mi ò lè kà tán. Kì í ṣe iye ìwọ̀n ọmọ lọ́jọ́ kan la fi ń mọ̀, ibi tí ìlà dorí kọ ni.

Torí náà ra ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ iléèwé kan, olójú ewé 40, kọ orúkọ rẹ sí i. Bípì rẹ, ìtọ̀ rẹ, creatinine rẹ, ṣúgà rẹ, kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó o ṣe é. Lójú ewé àkọ́kọ́ kọ ohun tó pa bàbá rẹ àti ohun tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ, ìyẹn ni jíìnì tí kò ná ẹ ní kọ́bọ̀. Dókítà èyíkéyìí tó o bá lọ bá, gbé e fún un.

Mo tún bẹ̀ ọ́. Oògùn ara ríro tí ẹ máa ń lò lọ́jà lójoojúmọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ru aṣọ tán, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ìpara tí ń bóra tó ní mẹ́kúrì nínú, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Àgbo tí o ò mọ ohun tí wọ́n sè sínú ẹ̀, fi sílẹ̀. Mi ò bá ọ wí o, mo mọ bí ọjà ṣe ń rẹni.

Màmá_Tolúwani:

Màmá, ẹ ṣeun gan-an mà. Mo ti lọ ra ìwé tèmi àti ti Tolúwani.

Adùkẹ́_Àtàkúnmọ̀sà:

Ẹ kú àtijọ́ o, ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, ẹ má bínú. Mo lọ.

Mo tọ̀ sínú ike kékeré láàárọ̀, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ mú bébà kan jáde, ó ní àwọn àpótí kéékèèké oníàwọ̀ lára, ó rì í bọ̀ ọ́, ó fà á jáde, ó gbọn omi ara ẹ̀ nù, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò tí wọ́n ya àwọn àwọ̀ sí lára. Mo ń wò ó. Àpótí ti pùrótéènì yẹn jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò bí omi òroǹbó tí wọ́n lú omi mọ́, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ ó ti ń di àwọ̀ ewé, díẹ̀díẹ̀, látẹ̀gbẹ́ wá sáàárín. Ẹsẹ̀ mi ò wú o. N kò ní orí fífọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn mo ti ru aṣọ láti inú mọ́tò dé ṣọ́ọ̀bù, nǹkan kan ò ṣe mí.

Bípì mi jẹ́ 148 lórí 92. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ kejì bóyá ibà tàbí iṣẹ́ agbára ló fà á, wọ́n tún un ṣe, wọ́n wá wọn albumin yẹn gan-an bí Bàbá Láàbù ṣe sọ, 64 ni. Bípì ò tíì wálẹ̀. Creatinine mi dáa, HbA1c 5.6. Dókítà ní kíndìnrín náà ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í jò ni. Ó fún mi ní oògùn bípì kan tó ní ó máa ń dín jíjò náà kù, mo gbọ́dọ̀ máa lò ó lójoojúmọ́, kí n padà wá ṣe ẹ̀jẹ̀ láìpẹ́ kí wọ́n lè rí bó ṣe bá mi lára mu, kí n sì tún ìtọ̀ ṣe ní oṣù mẹ́ta. Mo bi í nípa APOL1, ó ní òun mọ̀ ọ́n, ó ní wọ́n ti ń dán oògùn kan tó ń dojú kọ ọ́ wò lára èèyàn, àmọ́ kò tíì dé ọjà.

Mo sọ fún àbúrò mi pé kó má ra ìgò náà mọ́, kó fi owó ẹ̀ ránṣẹ́ ká fi yẹ àwa yòókù wò.

Déjì_Sábó:

Ẹ kú oríire mà. Mo dúpẹ́ pé ẹ ò gbọ́ tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ìtọ̀ àárọ̀ ni àbí ìgbàkígbà? Ìyá mi ní ṣúgà, mi ò ṣe nǹkan kan rí.

Bàbá_Láàbù_Ifẹ̀:

Ti àárọ̀ ló dáa jù, Déjì. Má ṣe é lọ́jọ́ tí ara rẹ bá gbóná tàbí tó o bá gbá bọ́ọ̀lù. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kó o lọ síbẹ̀, ká lè wo ṣúgà rẹ náà.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:

Adùkẹ́, àwọn ọmọ bàbá rẹ yòókù ńkọ́?

Adùkẹ́_Àtàkúnmọ̀sà:

Méje ló kù mà, yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n, èmi àti àbúrò wa tó wà ní Kánádà. Mo mú ìwé mi lọ bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún un, ó fi ọwọ́ kejì tí kò sí wáyà lára ẹ̀ ṣí i, ó ka ojú ewé àkọ́kọ́ tí orúkọ ẹ̀ wà. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní kí n gbé fóònù òun fún òun, òun fúnra ẹ̀ ló pe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan látorí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Márùn-ún ti gbà pé àwọn máa wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹnì kan ní òun ń ronú sí i, ẹnì kan ò tíì gbé fóònù, mo máa lọ bá a nílé lọ́la.